Ọdún tí Ìyá Àgbà Tẹ̀lé Mi Lọ sí Ilé-Ìwé

Ní agbo ilé wa ní Ṣakí, odó ló máa ń jí wa, kì í ṣe àkùkọ. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, tí èso òrí ń já bọ́ nínú gbogbo oko tó yí ìlú ká, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kì í jẹ́ kí oòrùn yọ bá odó wọn lófìfo. Wọn á kírun àsùbáà tán, wọn á ká ẹní wọn, kí a sì tó ṣẹ́jú, gbì, gbì, gbì, ilẹ̀ yàrá tí a sùn sí á máa mì lábẹ́ etí wa. Lẹ́yìn náà la óò gbọ́ ìgbálẹ̀ màmá mi lójúde, àgùntàn á máa ké pé kí wọ́n tú òun sílẹ̀, àwọn ọmọ ilé-kéwú tó wà lẹ́yìnkùlé wa á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn gooro ka ohun tí wọ́n kọ sórí wàláà wọn. Òórùn òrí tí a ń sè wọ aṣọ wa, ó wọ irun wa, ó wọ inú ìwé wa pàápàá. Títí dòní, bí mo bá ṣí ìgò òrí kan lásán, ẹsẹ̀ mi á fẹ́ẹ́ sáré lọ gbé igbá.

Ìyá Lámídì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí bàbá mi tí í ṣe àkọ́bí wọn. Wọn kò mọ lẹ́tà A yàtọ̀ sí B, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó mọ iye lórí tó wọn, bẹ́ẹ̀ mo ti bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó. Èmi ni mo máa ń ṣa èso gbígbẹ fún wọn kí n tó lọ sílé-ìwé, àwọn á sì máa fi ìbéèrè lé mi kiri bí ẹni ń lé adìyẹ. "Sàrátù," wọ́n á sọ ọ́ láìdá ọmọ odó dúró, "igbá mẹ́rin ló ń fún wa ní àwo òrí kan. Igbá mọ́kàndínlógún ló wà nílẹ̀ yìí. Kí ni yóò bọ́ sí wa lọ́wọ́?" Èmi á fi ìka kà á, mẹ́rin, mẹ́jọ, méjìlá, mẹ́rìndínlógún. "Àwo mẹ́rin, Ìyá. Igbá mẹ́ta á ṣẹ́ kù." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. "O gbà á, ṣùgbọ́n o rìn jìnnà. Orúkọ tí wọ́n sọ iye náà ti fi ọ̀nà hàn ọ́. Mọ́kàn-dín-lógún. Ogún ni kó o lọ bá tààrà, kó o wá padà sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ kan. Àwo márùn-ún, ó dín igbá kan. Ó yá, lọ bá mi wá igbá kan yẹn." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sójú pátákó fún mi, pé èyí tó dín náà jẹ́ nǹkan tí èèyàn lè dì mú, gẹ́gẹ́ bí èyí tó lé.

Mo wà ní fọ́ọ̀mù kẹta lọ́dún náà. Ìparí fọ́ọ̀mù kẹta ni wọ́n máa ń pín wa sí ẹ̀kọ́ tí a óò bá wọ fọ́ọ̀mù kẹrin. Ìṣirò tí gbogbo ayé ń ṣe wà, ṣùgbọ́n ọ̀kan tún wà tí a ń pè ní ìṣirò àfikún, èyí tí ẹni tó bá fẹ́ẹ́ gba ọ̀nà ìṣirò tàbí iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ sí yunifásítì kò gbọdọ̀ ṣaláìní. Tíṣà Adéníran ló ń kọ́ ọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tí wọ́n mú mọ́ ògiri. Mo wá orúkọ mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún wá a láti ìsàlẹ̀ padà sókè. Ọkùnrin ni gbogbo wọn. Kàsálí, ọmọ kíláàsì mi tí mo máa ń ṣàlàyé ìdá fún lábẹ́ igi máńgòrò, wà níbẹ̀ gedegbe. Mo rò pé àṣìṣe ni. Mo lọ bá Tíṣà Adéníran.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, n ò rí orúkọ mi."

"Mo mọ̀, Sàrátù. O gbìyànjú nínú ìdánwò, n ò sọ pé o ò gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kì í ṣe ti obìnrin. Á fún ọ lórí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wo táímù-tébù. Àkókò kan náà lòun àti ìmọ̀ ilé bọ́ sí, gbogbo obìnrin ló sì gbọ́dọ̀ ṣe ìmọ̀ ilé. O ò lè wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà."

Wọn kò jágbe mọ́ mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ fún ọmọdé pé òjò ń bọ̀, kó kó aṣọ wọlé. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti rí oríṣiríṣi ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì mọ́ obìnrin, mo sì ti mọ̀ pé èyí tó burú jù kọ́ ni èyí tí wọ́n fi ìbínú tì. Èyí tó burú jù ni èyí tó jẹ́ pé ìwé táímù-tébù lásán ló tì í, tí ẹni tó kọ ọ́ kò tilẹ̀ rántí pé òun ti ilẹ̀kùn kankan.

Nígbà tí mo délé, mo gbé iṣu kaná, mo jókòó tì í, omijé ń dà lójú mi. Màmá mi rò pé èéfín ni. Nígbà tí mo sọ ọ́, wọ́n mí kanlẹ̀. "Sàrátù, jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Bí obìnrin bá mọ̀wé jù, ọkọ a máa bẹ̀rù rẹ̀. Èyí tó o kà yìí náà, ta ló kà á nínú àwọn ẹgbẹ́ mi?" Bàbá mi dé láti oko ní Ọjọ́bọ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe kí wọ́n lè kí Jímọ̀ nílé, wọ́n sọ iṣu kalẹ̀, wọ́n fọ ẹsẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà látẹnu màmá mi. Wọ́n jẹ iyán wọn tán pẹ̀lú wàrà dídì tí a sè sínú ọbẹ̀, a ti rò pé ọ̀rọ̀ náà ti kú. Àfi bí wọ́n ṣe nu ọwọ́ tí wọ́n ní, "Ìwé ni mo ní kí ọmọ yìí lọ kà. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ààbọ̀ ìwé ni." Wọ́n yíjú sí ìyá wọn. "Ìyá, mo ń padà sóko lọ́la lẹ́yìn ìrun. Ọwọ́ yín ni mo fi ọ̀rọ̀ yìí sí."

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, odó kò dún nílé wa. Ìyá Àgbà wẹ̀, wọ́n fi ìborùn funfun borí, wọ́n ní kí n máa lọ níwájú. Mo rántí bí ojú ṣe ń tì mí lójú ọ̀nà, tí mo ń gbàdúrà kí ẹgbẹ́ mi má rí wa, nítorí bàtà wọn ti ya, ọwọ́ wọn sì dúdú fún òrí. Mo tijú nígbà náà. Ìtìjú náà ló ń tì mí lójú báyìí. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé dìde fún wọn, wọ́n fún wọn ní àga. Wọ́n ránṣẹ́ pe Tíṣà Adéníran.

"Ọ̀gá, wọ́n ní ọmọ mi kò lè kọ́ ìṣirò àfikún," Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀, "torí pé àsìkò yẹn ló yẹ kó máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀."

"Ètò ilé-ìwé ni, Ìyá," ni ọ̀gá àgbà fèsì. "Bó ṣe wà nìyẹn kí èmi náà tó débí."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún yín pé kò mọ ọbẹ̀ sè? Ó ń gúnyán, ó ń rokà, ó ń se òrí. Ohun tí mo lè kọ́ ọ, mo ti kọ́ ọ nílé. Ohun tí n kò lè kọ́ ọ ni mo ṣe rán an sí yín."

Ọ̀gá àgbà wo Tíṣà Adéníran, Tíṣà Adéníran ń wo ilẹ̀. Wọ́n bá tún ránṣẹ́ pe Mísísì Òjó, olùkọ́ ìmọ̀ ilé. Mo ti rò pé obìnrin ẹgbẹ́ wa ni, pé yóò gbè wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí Ìyá Àgbà sọ, inú bí wọn gidigidi. "Ṣé ẹ̀ ń sọ pé ìdí àdògán nílé lásán ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ tí mo fi ọdún mẹ́ta kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì? Ìdí tí ẹ̀yin ọkùnrin inú ilé-ìwé yìí fi ń fojú tín-ínrín wo iṣẹ́ mi nìyí!" Ìyá Àgbà, tó dàgbà ju ìyá Mísísì Òjó lọ, tẹ orí ba. "Ẹ má bínú, Ìyáàfin. Ẹnu àgbà ló ṣì í sọ. Iṣẹ́ yín tóbi. Ẹ dán an wò fúnra yín. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó padà wá jókòó síwájú yín." Mísísì Òjó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Ó dáa. Lọ́jọ́ Jímọ̀, kó gbé kéèkì tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá fún mi." Tíṣà Adéníran wá rí ẹnu sọ̀rọ̀. "Bí ó bá yege níbẹ̀, kó wá ṣe ìdánwò tèmi náà lọ́jọ́ Ajé." Ìyá Àgbà gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n dìde. A ti jáde kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, a ti rìn díẹ̀, kí wọ́n tó fà mí lápá. "Sàrátù, kí ni wọ́n ń pè ní kéèkì?"

Ìdánwò méjì. Mo ti ronú lé e títí nínú ayé mi. Kàsálí kò ṣe ẹyọ kan. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó mọ iyán gún.

Ìwé ìmọ̀ ilé wà lọ́wọ́ mi, kéèkì sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyin mẹ́jọ ni ìwé náà pè fún. A kò ní ẹyin. Ìyẹn ni mo sọ lóhùn rírẹlẹ̀ ní ìdí ààrò. Màmá mi, tí kò dá sí ọ̀rọ̀ náà mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti sunkún, dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n lọ sẹ́yìn àká, a gbọ́ igbe adìyẹ, wọ́n padà dé pẹ̀lú ẹyin mẹ́ta nínú ìṣẹ́po ìró wọn. Ẹyin tí adìyẹ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ni, èyí tí wọ́n fẹ́ kó sàba lé. "Ṣé mẹ́ta á tó?" ni wọ́n bi mí. Mo sọ pé á tó. Mo mú bírò, mo fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ṣírò gbogbo nǹkan inú ìwé náà: ìyẹ̀fun agolo mẹ́rin di agolo kan àti ààbọ̀, ṣúgà agolo méjì di ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin agolo. Bọ́tà ló ku. "Kí ni bọ́tà?" Ìyá Àgbà béèrè. Mo ní ọ̀rá tí wọ́n rí lára wàrà màlúù ni. "Òrí wa ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ọ̀rá ni?" A kò ní ààrò tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, wọ́n bá gbé ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń yan ẹ̀pà kaná, wọ́n da iyanrìn sí i, a gbé agbada kékeré tó gba kéèkì sínú iyanrìn náà, a fi ìdérí dé e, a kó ẹyín iná lé ìdérí. Ojú wa kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo ń ṣàníyàn pé kò jọ ti àwòrán inú ìwé, Ìyá Àgbà ní, "Bí a bá gúnyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó."

Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jó díẹ̀. Mísísì Òjó fi ọ̀bẹ gé ibi tó jó sọ nù, wọ́n gé ìyókù, wọ́n fi sẹ́nu, wọ́n dúró. Wọ́n tún gé òmíràn. "Kí lo fi ṣe bọ́tà?" Mo ní òrí ni. "Ẹyin mélòó?" Mo sọ fún wọn, mo sì fi ìwé ìṣirò mi hàn wọ́n. Wọ́n ka gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìbínú ọjọ́ Ajé sì kúrò lójú wọn díẹ̀díẹ̀. "Àwọn tí mo ń kọ́ láti ọdún mélòó kan wá, bí ẹyin wọn ò bá pé, ńṣe ni wọ́n ń jókòó tì í," ni wọ́n wí. Wọ́n fi ike bo èyí tó ṣẹ́ kù. "Lọ sọ fún Tíṣà Adéníran pé mo ti tú ọ sílẹ̀. Kó o sì sọ fún ìyá rẹ àgbà pé mo fẹ́ẹ́ wá wo ìkòkò yẹn."

Ìbéèrè márùn-ún ni Tíṣà Adéníran fún mi ní ọjọ́ Ajé, nínú kíláàsì òfìfo, àwọn nìkan ló jókòó tì mí. Mẹ́rin àkọ́kọ́ kò dà mí láàmú. Ìkarùn-ún ní: iye kan wà, bí a bá fi iye náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, tí a wá yọ iye náà kúrò nínú rẹ̀, méjìléláàádọ́rin ló máa ṣẹ́ kù, kí ni iye náà? Mo rí mẹ́sàn-án kíákíá, nítorí mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́sàn-án jẹ́ ọ̀kànlélọ́gọ́rin, bí a bá sì yọ mẹ́sàn-án, ó pé. Mo ti fẹ́ gbé bírò sílẹ̀. Àmọ́ ara mi kò balẹ̀. Èyí tó lé ti sọ̀rọ̀. Èyí tó dín ńkọ́? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú lápá ibẹ̀, mo dé orí mẹ́jọ tó dín, mẹ́jọ tó wà lẹ́yìn òdo. Mẹ́jọ tó dín lọ́nà mẹ́jọ tó dín di mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Bí a bá wá yọ ohun tó dín kúrò, ńṣe ló ń kún: mẹ́jọ tún wọlé, méjìléláàádọ́rin ló pé. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀.

Tíṣà Adéníran wo ìwé náà títí. "Mo fún àwọn tó wà lára ògiri yẹn ní ìbéèrè yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá," ni wọ́n sọ nígbẹ̀yìn. "Mẹ́sàn-án ni gbogbo wọn kọ. Ta ló sọ fún ọ pé kó o wá èkejì?"

"Ìyá mi àgbà ni, sà."

Wọ́n dìde, wọ́n mú bírò pupa, wọ́n jáde, mo sì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ gbogbo orúkọ yòókù, lábẹ́ ìlà tí wọ́n ti fà láti fi parí rẹ̀.

N kò ní parọ́ pé ọdún tó tẹ̀ lé e dùn. Èmi nìkan ni obìnrin nínú kíláàsì náà. Bí mo bá nawọ́, ó lè pẹ́ kí ojú Tíṣà Adéníran tó dé ọ̀dọ̀ mi. Bí Kàsálí bá ṣì í, Kàsálí ló ṣì í. Bí èmi bá ṣì í, gbogbo obìnrin ayé ló ṣì í, ẹ̀rín á sì sọ láti ẹ̀yìn. Ìgbà kan wà tí mo sọ fún Ìyá Àgbà pé mo fẹ́ẹ́ fi í sílẹ̀. Wọ́n ń fi ọwọ́ po òrí nínú omi, wọn kò gbójú sókè. "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké," ni wọ́n wí, wọ́n sì ní kí n bu omi sí i. Ọ̀rọ̀ náà ni mo gbé lọ sí yunifásítì, níbi tí mo ti kọ́kọ́ rí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tó gba odindi yàrá kan nígbà náà. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò bi mí léèrè ohun tí mo wá ṣe. Ó kàn nawọ́ sí yàrá àwọn atẹ̀wé. "Ibẹ̀ yẹn làwọn obìnrin ń gbà." Mo ní ẹ̀rọ yẹn gan-an ni mo wá kọ́ ní ohun tí yóò ṣe. Ní gbogbo ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo máa ń ka àwọn obìnrin inú yàrá kí n tó jókòó, n kì í sì í sábà kà kọjá èjì.

Ṣùgbọ́n ọdún yẹn parí síbi tó dára. Tíṣà Adéníran ka èsì ìdánwò ìparí ọdún láti ẹ̀yìn wá síwájú. Orúkọ ń lọ, n kò gbọ́ tèmi. Ó ku méjì. Wọ́n pe Kàsálí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pa ìwé dé, wọ́n ní, "Sàrátù, dìde kí wọ́n rí ọ." Kàsálí ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, n kò gbàgbé ìyẹn fún un. Ní ọjọ́ kejì, alùpùpù dún lójúde wa. Tíṣà Adéníran sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá Àgbà nínú eruku èèpo òrí, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun.

"Ìyá, mo wá tọrọ àforíjì. Mo rò pé mo mọ ẹni tó lè ṣe é àti ẹni tí kò lè ṣe é."

"Ẹ dìde, Tíṣà, Ọlọ́run á forí jì wá. Sàrátù, gbé wàrà wá fún wọn."

Wọ́n jẹ wàrà. Wọ́n wo àyíká, wọ́n rí àwọn àbúrò mi àti àwọn ọmọ àbúrò bàbá mi tí wọ́n ń fọ́ èso. "Ìyá, ṣé ẹ tún ní irú Sàrátù nílé?"

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ejìká wọn fi ń mì. "Tíṣà, wọ́n kún inú ìlú. Ẹ̀yin lẹ ò ṣílẹ̀kùn."

Nígbà tí a wọlé padà ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n ti yí táímù-tébù padà. Ìmọ̀ ilé bọ́ sí ọ̀sán, ìṣirò àfikún bọ́ sí òwúrọ̀, Mísísì Òjó fúnra wọn ló sì lọ ja ìjà náà nínú ìpàdé àwọn olùkọ́. Mo ti wà ní fọ́ọ̀mù karùn-ún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń sáré lọ sí kíláàsì mi, mo gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé àwọn fọ́ọ̀mù kẹrin kọjá. Tíṣà Adéníran wà lójú pátákó, ẹfun kún ọwọ́ wọn. Mo rí irun dídì márùn-ún láàárín àwọn orí tí wọ́n fá. Ọ̀kan nínú wọn, Bọ́sẹ̀, ọmọ kan tí kì í sábà lanu, ti dìde dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìlà kẹta yẹn kò tọ̀nà. Ẹ gbàgbé láti yí àmì rẹ̀ padà."

Kíláàsì pariwo. Tíṣà Adéníran yíjú padà sí pátákó. Wọ́n wò ó, wọ́n wò ó, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pa ìlà kẹta náà rẹ́. "Òótọ́ ni," ni wọ́n wí. "Bọ́sẹ̀, wá bá wa kọ ọ́." Mo dúró títí ó fi kọ ọ́ tán. Nígbà tí mo fi dé kíláàsì mi, wọ́n ti pe orúkọ tán, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ síwájú fún pípẹ́ lẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo sì ń rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n fi kún ìyà mi.